Iṣẹ́ Àtùpà Amùmọ́lẹ̀ Tí Mo Ṣe Láìgba Ìyọ̀ǹda

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe lo ayé mi nídìí àtùpà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yóò bá yín lára mu. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí kí n máa pọ́n ara mi lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó dìde máa lọ ilé wọn.

Ọmọṣẹ́ mọ́kànlá ni mo kọ́ níṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú wọn, n kò lè fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda ẹyọ kan. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ọmọṣẹ́ bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ á ní kó kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ lé e lórí, á gbàdúrà fún un, á sì fún un ní irinṣẹ́. Fíríìdọ̀mù ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ẹni tí wọn kò bá ṣe é fún, ì báà mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, kò lẹ́nu láti ṣe é fún ẹlòmíràn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo Àkúrẹ́ ń pè mí ní Màmá Alátùpà, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, àmọ́ nínú ọkàn mi, ọmọṣẹ́ ni mí. Ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àtùpà tí mò ń wí. Kò ní òwú, kò ní kẹrosíìnì, kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Lẹ́búlẹ́bú kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà lé e, á máa mu ún sínú. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọwọ́ aago tó ń tàn nínú òkùnkùn rí, ẹ ti rí i nìyẹn. A máa ń pò ó mọ́ fáníìṣì, a ó kùn ún sára dígí tàbí sínú àwo, a ó gbé e síbi tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yóò ti nílò rẹ̀: etí àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kànga. Kì í tàn bí iná mànàmáná. Kò ní jẹ́ kí o ka ìwé, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o ṣubú. Àtùpà amùmọ́lẹ̀ ni ọ̀gá mi sọ ọ́.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Akíndúró, ọmọ bíbí Oǹdó ni. Aago ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tó ti ń fi lẹ́búlẹ́bú kun ọwọ́ aago ló ti rò ó pé, bí nǹkan yìí bá lè fi agogo mẹ́ta han ẹni tó wà nínú òkùnkùn, kí ló dé tí kò lè fi àtẹ̀gùn hàn án? Mo ti jáde ìwé mẹ́fà nígbà náà, bàbá mi rán mi láti Àkúrẹ́ lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé ní Oǹdó. Àbúrò bàbá mi yìí ló gbé aago tó bàjẹ́ lọ síbẹ̀ tó sì fi èmi náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí wọn kò san, n kò bá ìyẹn wá.

Ọ̀gá kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ. Ó fẹ́ràn àpárá. Bí mo bá ti sọ pé mò ń lọ sí “ulé” bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ ọ́, á ní, “Mọrẹ́nikẹ́, bí o bá dé ulé yẹn, bá mi kí gbogbo ará ilé.” Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ pé, “Mọrẹ́nikẹ́, wá wo ohun tí o ṣe,” mo ti mọ̀ pé àpárá tán nìyẹn.

Lẹ́yìnkùlé rẹ̀, yàrá kan wà tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé rẹ̀ pa. Ọ̀sán gangan ni a máa ń wọ ibẹ̀. Àtùpà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, a ó gbé e wọlé, a ó tìlẹ̀kùn, a ó jókòó. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá á dá orin ìsìn, a ó kọ ọ́ tán ní ẹsẹ ẹsẹ, a ó kọ òmíràn tán, kó tó béèrè pé, “Ó yá, kí lo rí?” Ó ní ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé, òpùrọ́ ni, kí a fún un láyè kó kọ́kọ́ ronú pìwà dà.

Lọ́jọ́ kan mo kánjú. A kò tíì parí ẹsẹ kejì orin àkọ́kọ́ tí mo ti pariwo pé, “Sà, kò tàn!” Ọ̀gá dá orin dúró. Ó ní kí n jáde, kí n lọ dúró nínú oòrùn, kí n padà wọlé, kí a tún orin bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Ohùn mi ti há. Nígbà tí a fi kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kẹta, àtùpà yẹn ń tàn débi pé mo rí eyín Ọ̀gá. Ẹ̀rín ló ń fi mí rín!

Lọ́jọ́ mìíràn, mo jẹ ẹ̀bà tán, mo fọwọ́, n kò nù ún gbẹ, mo bá tọwọ́ bọ fáníìṣì. Omi bíńtín ló kán sí i o, bíńtín báyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agolo náà ti funfun bí omi ògì, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ kò sì wúlò mọ́. Ọ̀gá kò nà mí, kò bú mi. Ó kan gbé agolo náà sórí pẹpẹ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà ní gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè pé kí nìyẹn, á ní, “Ẹ bi Mọrẹ́nikẹ́.” Èmi á sì máa ṣàlàyé fún àlejò. Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan iṣẹ́, n ó nu ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ ṣáà ti gbọ́ ohun tí mo wí.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìjókòó. Bí oníbàárà bá ní kí a ṣe àtùpà fún òun, Ọ̀gá kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọ̀kan nínú wa yóò fi lọ jókòó nílé oníbàárà náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àga kékeré kan àti ẹfun ni a máa ń gbé dání. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé lórí ilẹ̀ ní òwúrọ̀, a ó fi ẹfun sàmì síbẹ̀; ibi tó bá dé lọ́sàn-án, a ó sàmì síbẹ̀ náà. Àwọn ará ilé á máa wò wá bíi wèrè. Ọ̀gá ní, “Àtùpà wa kò ní nǹkan kan tirẹ̀. Ohun tí ilé bá fún un jẹ lọ́sàn-án ló máa dá padà lálẹ́. Bí o kò bá mọ ohun tí ilé ń jẹ, kí lo fẹ́ bù fún un?” Mo ti jókòó nílé olùkọ́, nílé àlùfáà, nílé adìẹ, ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó máa ń sú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí i pé ọkùnrin yẹn ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò rí. Orí rẹ̀ pé, Ọlọ́run jẹ́rìí.

Ọdún karùn-ún mi ni lẹ́búlẹ́bú tuntun dé. Háà, ẹ̀yin ọmọ! Ti àtijọ́, wákàtí kan péré, ó ti ń tòògbé. Ti tuntun yìí, bó bá mu ìmọ́lẹ̀ yó, ó ń bá ọ dé àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá òkùnkùn, a gbàgbé láti kọrin. Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu. Èmi jó. Mo sì gbéraga, kí n má purọ́ fún yín. Mo rò pé pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú yìí, ta ló tún kù tó ń lọ jókòó ti ẹfun?

Àsìkò náà ni ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, ránṣẹ́ sí wa. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà láàárín yàrá ìbímọ àti yàrá tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń sùn sí, iná mànàmáná kò sì ṣeé fọkàn tán. Wọ́n fẹ́ àtùpà sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ni olórí ibẹ̀, obìnrin gíga kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè. Ibà dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀, ó rán mi. Ó ní bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí yọrí, òun yóò ṣe ìyọ̀ǹda mi lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí mo lọ jókòó ní Ìjù. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí àtẹ̀gùn, oòrùn sì ń wọlé fààà. Igi tíìkì ńlá kan wà lẹ́yìn fèrèsé, ó dúró ní ìhòòhò, ewé kan kò sí lórí rẹ̀. N kò tilẹ̀ jókòó di ìrọ̀lẹ́. Kí ni mo tún ń wò? Ọ̀sán ni mo ti ká ẹrù mi.

Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá gbórí sókè lórí ẹní. Ó ní, “Kí ló wà lójú fèrèsé?”

Mo ní, “Kò sí nǹkan, sà.”

“Igi ńkọ́?”

“Igi kan wà, sà. Kò léwé.”

Ó ní, “Ó dára,” ó yí ojú sí ògiri.

Gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ ló mọ tíìkì! Oko tíìkì ló yí wa ká. A mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, á wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù, á dúró bí igi òkú. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, ewé tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun á bò ó pátá. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. N kò kàn dúró rò ó ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ṣe àtùpà mẹ́ta, mo lọ tẹ̀ wọ́n mọ́ etí àtẹ̀gùn. Wọ́n tàn lọ́nà ìyanu. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Òjò dé, tíìkì yọ ewé, fèrèsé dí, n kò sì sí níbẹ̀ láti rí i. Àtùpà tí kò rí ìmọ́lẹ̀ mu lọ́sàn-án kò rí nǹkan dá padà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tó fura. Alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, iná lọ. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ń gbé ọmọ tuntun láti yàrá ìbímọ bọ̀. Ó ti fi àtùpà wa ṣe ojú, ó gbẹ́sẹ̀ síbi tó rò pé àtẹ̀gùn wà. Ó ṣubú. Kí ó má ba à ṣubú lé ọmọ lórí, ó gbé ọmọ sókè, ó fi apá ọ̀tún gba gbogbo ara rẹ̀. Ọmọ kò fara pa. Ìgúnpá obìnrin yẹn fọ́, kò sì nà tán mọ́ títí dòní.

Nígbà tí ìròyìn dé Oǹdó, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wọ aṣọ, ó ní kí a máa lọ. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ibùsùn Nọ́ọ̀sì, bàbá àgbàlagbà! Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, èmi ni. Wọ́n ní igi kò léwé, mo gbọ́, mo dákẹ́.” Kò dárúkọ mi. Ẹ gbọ́ o: kò dárúkọ mi rárá. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Ọ̀gá, ó gbójú sókè.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń bọ̀, Ọ̀gá ní, “Mọrẹ́nikẹ́, n kò ní yọ̀ǹda rẹ mọ́. Kì í ṣe èmi ni o ṣẹ̀. Obìnrin yẹn ni yóò yọ̀ǹda rẹ. Ọjọ́ tó bá ní kí o máa lọ, máa lọ.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọdún kan gbáko ni wàá fi jókòó ní Ìjù. Lóṣooṣù. Kí o rí tíìkì yẹn tó wọ aṣọ, kí o rí i tó bọ́ ọ.”

Bàbá mi bínú dé Oǹdó. Ó ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ òun di ẹrú. Ọmọṣẹ́ tó dé lẹ́yìn mi ṣe ìyọ̀ǹda tirẹ̀, èmi ni mo bá wọn gbé àga. Ẹ lè ní Ọ̀gá le jù. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sọ èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Lóṣooṣù ni mo ń gbé àga mi àti ẹfun mi lọ sí Ìjù. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó kọ́ ọrùn, nígbà tó yá, láìsí aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. Á ní, “Ẹ ǹ lẹ́,” bí ẹni ń kí àjèjì. Kò lé mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó sàn kí ó gbá mi létí.

Oṣù keje ni ojú mi là. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ tuntun. Ní òwúrọ̀, á sá wọn sí iwájú ilé níbi tí kò sí igi. Nírọ̀lẹ́, á kó wọn wọlé. Mo ti ń wò ó láti oṣù kìíní, n kò rí i. Mo kígbe pé, “Yé!” obìnrin náà fò sókè. Kí ló dé tí àtùpà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn? Bí a ṣe ń sá aṣọ ọmọ, kí a máa sá àtùpà! Mo ṣe àwo pẹlẹbẹ tó ń yọ, tó ń wọlé. Etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò tí àwo yóò wọ̀ sí. Lọ́sàn-án, àwo á wà níwájú ilé pẹ̀lú aṣọ. Nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá kó aṣọ á kó àwo. Òjò tàbí ọyẹ́, ewé tàbí àìsí ewé, kò kàn án mọ́.

Ọ̀gá gbé àwo náà wọ yàrá òkùnkùn. A kọ orin méjèèjì tán. Ó ní, “Èyí kì í ṣe tèmi. Tìrẹ ni.” N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí mo kó wọn lọ sí Ìjù, Nọ́ọ̀sì Ìbídùn wà nídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Mo ní, “Mà, mo ti parí.” Ó dìde, ó lọ wo gbogbo àwo náà, ó yọ ọ̀kan, ó tì í padà. Ó ní, “Mo ti rí i.” Ó padà jókòó. Ó wojú mi. Ó ní, “Ṣé o tún ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti ọdún kan wà lẹ́nu mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ yọ̀ǹda mi. Ṣùgbọ́n mo wo apá yẹn, ojú tì mí, ìgbéraga sì tún wà níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tí mo ṣe tó, kí ó fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní, “Rárá, mà.”

“Rárá, mà” yẹn ló ná mi ní ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ọ̀gá béèrè pé, “Kí ló wí?” Mo ní kò wí nǹkan kan. Ó wò mí títí. Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Ọ̀gá, kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Lọ ṣiṣẹ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ nípa rẹ, n kò lè pa á dà.” Ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọṣẹ́, Màmá ló ń bá mi yọ̀ǹda wọn lórúkọ ọkọ rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti kọ́ṣẹ́ tán, n ó gbé e lọ sí Oǹdó, Màmá á gbàdúrà, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó ṣe àmín.

Àkúrẹ́ ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, kò jìnnà sí Alágbàká níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni oníbàárà mi. Àwo mi tó ń yọ tó ń wọlé dé ilé ìwé, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ilé àwọn àgbàlagbà tí ojú ń ṣú. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. A fi fáníìṣì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí lo gílúù inú agolo méjì tó jẹ́ pé bí a bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á dì bí òkúta, omi kò sì ní rí i gbé ṣe mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rántí agolo tí mo bà jẹ́, mo ní, “Ẹ kò tètè dé!”

Lẹ́yìn náà ni sólà dé. Ẹ má bi mí. Ọ̀gá ọ́fíìsì kan ní Alágbàká dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ń fi àtùpà sólà rẹ̀ hàn mí. Ó ní, “Màmá Alátùpà, ayé ti kọjá yín o. Wò ó, ó mọ́ bí ọ̀sán!” Mo ní, “Ẹ kú oríire, sà. Ẹ má sọ ọ́ nù.” Ọdún kejì, ó padà wá. Ó gbé sólà náà sábẹ́ apá bí òkú adìẹ, bátìrì rẹ̀ ti kú. Ó ní ìyá òun fẹ́ẹ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, irọ́ ni, mo fi í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ mi lọ jókòó nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ́ sólà bí ẹ bá fẹ́, iṣẹ́ gidi ni. Èmi náà ní kan nílé. Èyí tí kò ní bátìrì tí yóò kú náà ní àyè tirẹ̀.

Bùkọ́lá ni ọmọṣẹ́ mi tó kẹ́yìn, obìnrin ni, ó ti ní ọmọ kan kó tó wá kọ́ṣẹ́. Fóònù rẹ̀ ló fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Mà, ó ti sọ iye tó wà níbí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Mo ní, “Fóònù rẹ mọ ti òní. Bi í léèrè ti oṣù kẹfà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó di onímọ̀ tó jù mí lọ, mo sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, mo mọ̀ pé ó tó àkókò kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí Bùkọ́lá gba ṣọ́ọ̀bù. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ nìkan ló kù. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ sí Oǹdó gan-an ni Màmá Ọ̀gá sùn, tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bùkọ́lá ní, “Mà, ẹ̀yin náà ẹ gbàdúrà fún mi. Ta ló mọ̀?” Mo ní, “Èmi mọ̀.” Ó ní, “Ta ló wá kù?” Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún un, ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ bá a, mà.” Ó wádìí, ó gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ṣì wà láàyè ní Ìgbàrà-Òkè, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la wọ mọ́tò.

Nọ́ọ̀sì jókòó nínú àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun balau. Apá ọ̀tún tẹ̀ lórí itan rẹ̀, bó ṣe wà nígbà náà.

Mo ní, “Mà, èmi ni Mọrẹ́nikẹ́, ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Akíndúró.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́. Ojú ló ṣú, orí kò kú. Jókòó.”

N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi dún gbàù. Mo ní, “Mà, mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Mo rí tíìkì yẹn, mo mọ̀ pé yóò léwé, mi ò ní sùúrù láti rò ó. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Ọ̀gá. Apá yín, mà, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ yọ̀ǹda mi.”

Ó ní, “Ọ̀gá rẹ wá bá mi ní Ìjù. Ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà náà, ó ku díẹ̀ kó kú. Ó ní, ‘Nọ́ọ̀sì, ọmọ yẹn ti ṣe àtùpà tó ju tèmi lọ. Ẹ bá mi yọ̀ǹda rẹ̀.’ Mo ní mo ti yọ̀ǹda rẹ láti ọjọ́ tí o kó àwo wọ̀nyẹn wá. Kí ló kù tí mo tún fẹ́? Ọmọ tí mo gbé lọ́jọ́ náà ti ń rìn. Ọ̀gá rẹ ṣí fìlà. Ibẹ̀ náà ló ti gbàdúrà ìyọ̀ǹda rẹ, lójú mi, mo ṣe àmín. Ó ní kí n má sọ fún ọ títí o ó fi wá fẹnu ara rẹ béèrè.” Ó mí kanlẹ̀. “Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń retí rẹ. Mo ti ń bẹ̀rù pé n ó kú kí o tó dé.”

Mo sunkún, ẹ̀yin ọmọ. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá ni mo ti gba ìyọ̀ǹda, mo sì fi ojú ọmọṣẹ́ wo ara mi títí mo fi darúgbó! Ọ̀gá Akíndúró, olórí pípé, olóríkunkun! Mo bínú sí i, mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde.” Apá tó tẹ̀ yẹn ló nà sí mi, mo dì í mú, mo dìde.

Ó wò kọjá mi. “Ta nìyẹn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà?”

“Ọmọṣẹ́ mi ni, mà. Bùkọ́lá. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán.”

“Kí ló wá ń dúró dè?”

Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Bùkọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé e lórí, mo la ẹnu, ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà tí mo ti ṣe àmín sí nígbà mẹ́wàá kò wá sí mi lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ló bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.